Ọkà Tí Ó Hù Nínú Ilé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ohun tí ó ń retí ni ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ọ̀nà tí ó ti Ìbòkun wá. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ ti sọ ìyẹn. Ohun tí mo mú wá kò tóbi. Gbogbo rẹ̀ lè wọ inú garawa kan. Mo fẹ́ sọ bí ènìyàn ṣe lè gbin ohun jíjẹ sínú yàrá, àti bí àwọn ìyá wa ṣe ń mú ọkà hù nínú ilé kí wọ́n tó fi pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kì í fi ọtí kan ẹnu nítorí ẹ̀sìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dìde, ọ̀rọ̀ náà yóò kàn yín láìpẹ́.

Yàrá méjì ni mo ń gbé ní London, ní òkè àjà kẹta, kò sì sí àgbàlá. Ní ọdún kan, nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ tí ọkàn mi sì fà sí ilé, mo ra ọkà bàbà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà. Mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná, mo fi aṣọ ìnura tútù bò ó, mo sì bá iṣẹ́ òòjọ́ mi lọ. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó ṣí i. Ó ti hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan funfun bí òwú ti bò ó, ó sì ń rùn bí aṣọ tí a ká pamọ́ láìtíì gbẹ. Èmi aláìmòye ṣàn án, mo lọ̀ ọ́, mo pọn ọ́n, mo sì gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kan mu. Ọjọ́ méjì gbáko ni inú fi run ún. Ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbé ife lé e lọ́wọ́, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ná.

Nígbà tí mo wálé, mo tọ ìyá àgbà kan lọ ní àdúgbò wa, tí wọ́n ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún ìgbéyàwó àti ìnáwó òkú àgbà láti ìgbà èwe wọn. Mo ròyìn ohun tí mo ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o di ọkà bí òkú, o wá ń retí kí ó jí."

Báyìí ni wọ́n ṣe là á yé mi. Òru méjì ni àgbàdo fi ń wà nínú omi, a ó sì máa pààrọ̀ omi náà kí ó má baà kan. Lẹ́yìn náà a ó gbọ́n omi rẹ̀ nù, a ó da á sínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi ewé tẹ́, a ó fi ewé bò ó. Apẹ̀rẹ̀ ni kí a lò, nítorí afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní àárọ̀ àti ní alẹ́ a ó wọ́n omi díẹ̀ sí i, a ó sì fi ọwọ́ tú u ká láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí ọkà tí ń hù a máa mí, a sì máa gbóná. Bí ooru náà bá há sí àárín rẹ̀, yóò bu. Wọ́n ní kí n ti ọwọ́ mi bọ àárín apẹ̀rẹ̀ kan tí ó wà ní igun yàrá wọn. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Èyí tí ó bá bu, adìẹ pàápàá ni wọ́n kì í dà á sí.

Nígbà tí èéhù bá gùn tó hóró ọkà fúnra rẹ̀, a ó sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ háúháú, a ó fi ọwọ́ ra á kí èéhù àti gbòǹgbò wẹ́wẹ́ lè jábọ́, a ó sì fẹ́ ẹ dànù. Ní ti ọkà bàbà, ríra yìí kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà lásán. Májèlé wà nínú èéhù ọkà bàbà tútù. Òun náà ni ó ń pa màlúù tí ó bá jẹ ọ̀dọ́ ọkà bàbà lóko, àwọn darandaran sì mọ̀ ọ́n.

Kí ni híhù yìí wà fún? Inú hóró ọkà kún fún ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun kì í sì di ọtí. Ṣùgbọ́n bí hóró bá ti jí, yóò mú èròjà kan jáde tí ń sọ ìyẹ̀fun náà di adùn kí ọmọ igi lè rí nǹkan jẹ. A ń fi sísá sóòrùn dá a dúró kí ó tó jẹ adùn náà tán ni. Iná líle a máa pa èròjà yìí. Nítorí náà, iná wọ́ọ́rọ́ ni ìyá náà fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó jẹ́ kí ìkòkò hó títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn sísẹ́, nígbà tí ó bá tutù, wọ́n a da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná díẹ̀ sí i, nítorí inú rẹ̀ ni ìwúkàrà wà, irú kan náà tí ń mú búrẹ́dì wú. Ní ọjọ́ kejì, ahá ti dé.

Nísinsìnyí mo padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin tí kì í mu ọtí. Ẹ lọ ọkà tí ó hù tí ó sì gbẹ yìí kúnná, kí ẹ bu díẹ̀ sínú ògì tí ó ki fún ọmọ tí a ń já lẹ́nu ọmú, kí ẹ tún gbé e kaná kí ó hó. Ògì náà yóò ṣàn lójú yín. Ọmọ yóò lè mu èyí tí ó lágbára nínú láìjẹ́ pé ó há a lọ́fun, a kò sì ní láti fi omi là á títí yóò fi di omi lásán.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọkà bàbà. Ọkà báálì láti òkè òkun ni wọ́n fi ń pọn ọtí bíà ní Nàìjíríà láti ìgbà tí ìgò Star àkọ́kọ́ ti jáde ní Èkó ní 1949, bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọtí Iléṣà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Ní 1988 ìjọba fòfin de kíkó báálì wọlé. Wàhálà dé, nítorí ìyẹ̀fun ọkà bàbà ń fẹ́ iná tí ó gbóná ju ti báálì lọ kí ó tó yọ́, iná bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń pa èròjà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn obìnrin tí ń pọn pìtò ní Gánà ti borí ìṣòro yìí tipẹ́tipẹ́: wọn a jẹ́ kí ìyẹ̀fun tòrò sísàlẹ̀, wọn a bu omi òkè rẹ̀ pamọ́, wọn a se èyí tí ó tòrò, bí ó bá sì rọ̀ díẹ̀, wọn a da omi ìpamọ́ náà padà sí i. Inú omi yẹn ni èròjà náà ti ń dúró dè é. Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ti ògógóró. Ọtí pípọn ni mo ń sọ, n kò sọ ti ọtí sísè tí a ń gba ooru rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tí ó kú nítorí ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀. Ojú ni ó kọ́kọ́ ń fọ́ wọn. Ẹ má ṣe dán ìyẹn wò nínú ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ má bẹ̀rù ọlọ́pàá. Láti 1963 ni ìjọba Britain ti mú ìwé àṣẹ kúrò lórí ọtí tí ènìyàn pọn fún ara rẹ̀ nínú ilé. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1978 gba ọgọ́rùn-ún gálọ́ọ̀nù lọ́dún fún àgbàlagbà kan, igba fún ilé tí àgbàlagbà bá ju ọ̀kan lọ, kìkì pé a kò gbọdọ̀ tà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, bí àwọn tọkọtaya tí ó dá Eko Brewery sílẹ̀ ní Peckham ní 2018, tí wọ́n mú orúkọ Èkó wọ àárín àwọn ọlọ́tí kéékèèké ìlú London.

Èèrí ọkà tí ó ṣẹ́kù nínú asẹ́ kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí ó jẹrà, kí ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀, oko inú yàrá ti dé nìyẹn. Garawa ọ̀dà àtijọ́ tí a fọ̀ mọ́, tí a lu ihò márùn-ún sí nídìí, tí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí, ti tó. Tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kéré, ẹ pò ó mọ́ yanrìn kí ó má baà ṣùjọ sójú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ ó máa gé e sọ́bẹ̀. Ewédú lágídí: ẹ di irúgbìn rẹ̀ sínú aṣọ, ẹ tì í bọ omi híhó, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní hù. Ní ilẹ̀ òtútù, ẹ so iná LED sí òkè rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rìnlá lójúmọ́, nítorí bí ewédú bá rí i pé ọ̀sán kúrú, yóò yára tanná, yóò so, ewé rẹ̀ yóò sì wọ́n. Ẹ má sì gbé e ti gíláàsì fèrèsé ní òru.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, mo tún wálé. Mo ní ìwé àti gègé lọ́wọ́, nítorí mo fẹ́ béèrè irú ewé tí wọ́n ń tẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ àti ìdí tí wọ́n fi ń kọ òmíràn. Wọ́n ti sin ìyá náà ní oṣù méjì ṣáájú. Ọmọ wọn obìnrin gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì fún mi ní ọtí ìgò. Ó ní òun kò kọ́ ọ, nítorí ìyá sọ pé iṣẹ́ náà ti le jù fún ọmọ tí ó kàwé. Apẹ̀rẹ̀ náà ṣì wà ní igun yàrá. Àlùbọ́sà ni wọ́n kó sí i.

Nítorí náà, mo ti gbé ìwé kan fún akọ̀wé. Ẹni tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ìyá rẹ̀ bá ṣì mọ̀ ọ́n pọn, kí ó kọ orúkọ àti agbo ilé rẹ̀ síbẹ̀ kí a tó túká, èmi yóò sì lọ bá wọn kí n tó padà. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ àti ti ewédú wà nínú àpò ní ẹnu ọ̀nà; kí olúkúlùkù bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń padà sí Britain nìkan ni kí ẹ má kó o sínú àpótí yín, nítorí òfin ibẹ̀ kò gba irúgbìn wọlé láìsí ìwé ẹ̀rí, àwọn aṣọ́bodè yóò sì gbà á. Ẹ wá bá mi, n ó sọ ibi tí ẹ ti lè rà á níbẹ̀ fún yín.