OÚNJẸ TÍ KÒ KAN INÁ, ÀTI ỌGBỌ́N ILÉ ÌDÁNÁ FÚN ÌYÁ ỌLỌ́JÀ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ tí a kò ní dáná sè, àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣé bí wọ́n ṣe ń mu gàrí lẹ fẹ́ wá kọ́ wa?” Bẹ́ẹ̀ ni o, gàrí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju gàrí lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ wa ṣe ń rí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ń ta ata ti gba Mile 12 lọ. Nígbà tó bá fi máa kó ẹrù dé, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Mile 2 ti gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ṣì wà ní ìsọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti dé láti ilé-ìwé láti ọ̀sán. Ebi ń pa wọ́n. Ta ló ń tan gáàsì fún wọn? Ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Nítorí ọmọ yẹn la ṣe ń sọ̀rọ̀ òní.

Àwa tí a wà ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí gáàsì lè ṣe fún wa. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2020, ìbúgbàù kan ṣẹlẹ̀ ní Abúlé-Adó, lẹ́yìn Festac níhìn-ín. Ó lé ní ogún ènìyàn tó kú, ilé wó lulẹ̀ lọ bẹẹrẹ, ilé-ìwé Bethlehem Girls' College sì bàjẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Reverend Sister Henrietta Alokha, kú níbi tó ti ń gba ẹ̀mí àwọn ọmọ là. Ilé-iṣẹ́ NNPC sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kọlu àwọn sìlíńdà gáàsì tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà páìpù epo. Ti Abúlé-Adó kì í ṣe ti ilé ìdáná, a mọ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì kan náà ló wà nínú sìlíńdà tí a fi ń sílẹ̀ fún ọmọ kékeré.

Ẹ tún wo owó rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, owó tí a fi ń kún sìlíńdà 12.5 kg kò ju ₦4,000 àti díẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ó ti kọjá ₦15,000. Bí a bá lè fi ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ jẹ oúnjẹ tí kò kan iná, owó yẹn á wà lápò wa, ọmọ wa á sì wà láìléwu. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀nà kan náà kọ́ ló sì wọ inú ìkòkò.

OHUN TÓ YẸ KÍ A MỌ̀ ṢÁÁJÚ

Nígbà tí a bá ń se oúnjẹ, iná ń bá wa pa kòkòrò àrùn tí ojú kò rí. Tí a bá ní oúnjẹ ò ní kan iná, iṣẹ́ tí iná ń ṣe ti di iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyẹn. Nítorí náà:

Ìkíní, ọṣẹ la fi ń fọ ọwọ́ o, kì í ṣe omi lásán. Kí ọbẹ tí a fi gé ẹran tútù má ṣe kan èso àti ewébẹ̀.

Ìkejì, omi. Omi tí a rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà dára fún aṣọ fífọ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi po ohun tí a máa mu bẹ́ẹ̀. Píọ̀ wọ́tà tó ní nọ́ńbà NAFDAC ni kí a lò, tàbí omi tí a ti sè tó ti tutù.

Ìkẹta, tí ẹ bá fi kábéèjì sínú omi iyọ̀, ẹ mọ̀ pé iyọ̀ náà kì í pa kòkòrò àrùn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń lé àwọn kòkòrò tó fara pamọ́ sí àárín ewé jáde. Ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi omi mímọ́ ṣan án dáadáa, kí ẹ sì bó ewé ìta dànù.

ÀWỌN OÚNJẸ NÁÀ

1. Gàrí mímu tó ń ṣara lóore. Gàrí nìkan kò ní amúaradàgbà tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí ebi fi ń tètè pa ọmọ tó bá mu ún lásán. Ẹ bu ife gàrí Ìjẹ̀bú kan, ẹ da omi sí i kí ìdọ̀tí léfòó, ẹ dà á nù, kí ẹ tún da omi tútù mìíràn sí i. Ẹ fi ẹ̀pà yíyan ẹ̀kúnwọ́ méjì tàbí kúlíkúlí sí i, àti mílíìkì ṣíbí méjì. Bí àgbọn bá wà, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sí i. Bí èyí bá kan ikùn ọmọ, ó máa gbé e dé alẹ́.

2. Búrẹ́dì àti píà. Ẹ bó píà kan tó ti rọ̀, ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ ààbọ̀ sí i kí ó má baà dúdú. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀, àlùbọ́sà tí a gé kéékèèké, àti sàdíìnì agolo kan sí i, kí ẹ pò ó pọ̀. Ẹ fi í sáàárín búrẹ́dì. Ọmọ mẹ́ta lè jẹ ẹ́ yó. Píà ń ṣiṣẹ́ bọ́tà, owó rẹ̀ sì kéré nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé.

3. Sàláàdì ọlọ́jà. Kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, kùkúńbà, bíìnsì alágolo kan, sàdíìnì tàbí ẹyin tí a ti sè láti àná. Ẹ gé wọn, ẹ tò wọ́n sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ má da kírímù sí i àfi tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́. Sàláàdì oníkírímù kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ. Bí oòrùn bá mú bíi ti oṣù kẹta wa yìí, wákàtí kan ti tó.

4. Fùrá àti yógọ́ọ̀tì. Ẹni tó ṣe fùrá ti bá wa sè é tán. Ẹ rún un sínú yógọ́ọ̀tì tútù tàbí nùnú, ẹ fi dàbínù tí a gé sí i dípò ṣúgà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Ṣẹ̀mẹ̀ lọ Kútọnu ti rí i níbẹ̀, dẹ̀gẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Jéró àti yógọ́ọ̀tì náà ni, inú ike ni wọ́n sì ń tà á sí.

5. Àbàchà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Ìgbò ló kọ́ wa ní èyí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ṣe é ti se ẹ̀gẹ́ náà kí ó tó sá a. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí á fi rọ̀, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fi omi káún díẹ̀ po epo pupa títí á fi ki, tí àwọ̀ rẹ̀ á sì yí padà. Ẹ fi ùgbá, ata lílọ̀, iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ sí i, kí ẹ wá da àbàchà sí i. Ìgbá tí a rẹ́ sórí rẹ̀ máa ń dùn gan-an.

6. Omi òfio, tí àwọn ará òkè Ọya ń pè ní kunun aya. Ẹ rẹ òfio sínú omi mọ́jú, kí ẹ pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àgbọn àti dàbínù, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Òfio kan náà ni wọ́n ń ṣe ní ìlú Valencia ní orílẹ̀-èdè Spain, horchata ni orúkọ tí wọ́n fún un, àwọn arìnrìn-àjò sì ń wá mu ún níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é náà ni kí ẹ mu ún tán.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé àyẹ̀wò tọ́ka sí omi òfio kan tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC tòótọ́. Ẹ̀mí bọ́ nínú àrùn náà. Òfio kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni o. Omi tí kò mọ́ àti ọwọ́ tí kò mọ́ ló ń sọ oúnjẹ aláìkanná di májèlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á nínú ìgò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹni tó ń mu ún nílé lọ.

ỌGBỌ́N ILÉ ÌDÁNÁ

Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ má máa ṣí fíríìjì wò. Fíríìjì tí a kò ṣí lè mú nǹkan tutù fún wákàtí 4. Fírísà tó kún fọ́fọ́ lè dé wákàtí 48, èyí tó kún dé ààbọ̀, wákàtí 24.

Ẹni tí kò ní fíríìjì, ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ wa ti ronú nípa tiyín. Ọ̀gbẹ́ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, ló mú ìkòkò amọ̀ méjì, ó ti ọ̀kan bọ inú èkejì, ó kó iyanrìn tútù sáàárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Ó gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí rẹ̀. Lókè Ọya, tòmátì àti ata lè pẹ́ nínú rẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí pé ooru omi tó ń fò lọ ló ń mú un tutù, tí afẹ́fẹ́ Èkó sì kún fún omi, kò ní ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, àfi nígbà ọyẹ́. Síbẹ̀ ó sàn ju orí tábìlì lọ fún ewébẹ̀.

Ẹ má kó àlùbọ́sà àti ọ̀dùnkún sójú kan, wọ́n máa ń ba ara wọn jẹ́. Bí píà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò bá tíì pọ́n, ẹ fi bébà wé e pẹ̀lú ọ̀kan tó ti pọ́n, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó. Ẹyin tó bá léfòó nínú omi ti pẹ́ jù, ẹ fọ́ ọ sí abọ́ ọ̀tọ̀ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó lò ó.

Nígbà tí a bá sì fẹ́ lo gáàsì, ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ibi tí rọ́bà ti so mọ́ sìlíńdà. Bó bá ń hó, gáàsì ń jò. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rọ̀gbà sí. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ pa sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ má sì tan iná NEPA tàbí kí ẹ pa á.

OHUN TÍ A Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN L'ỌJÀ

Ohun tí a ti ń sọ bọ̀ yìí, ọwọ́ wa ni ará ìlú ti ń ra gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ méjì kún un.

Àkọ́kọ́ ni gàrí. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní ọdún 1969, ara eku ló ti ń wá. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ ló ń gbé e kiri. Ẹni tó bá fi gàrí tẹ ẹ̀bà ti fi omi gbígbóná bá a wí díẹ̀. Ẹni tó mu ún pẹ̀lú omi tútù kò ní ààbò kankan. Ìdí nìyẹn tí àjọ NCDC fi ń sọ lọ́dọọdún pé kí a máa de oúnjẹ pa. Àwo gàrí tí a ṣí sílẹ̀ ní ìsọ̀ ní alẹ́, tí a kàn fi náílọ́ọ̀nù bò, eku ló ń jẹ èrè ibẹ̀. A ń dábàá pé kí ẹgbẹ́ yọ díẹ̀ nínú owó ìrànlọ́wọ́ ọdún yìí, kí ó fi ra kẹ́ẹ̀gì onídérí fún àwọn tó ń ta gàrí, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀.

Èkejì ni kábáídì. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra pé kí a yé fi pọ́n èso. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí inú rẹ̀ sì le, ẹni tó rà á máa mọ̀. Èso ni oúnjẹ aláìkanná tó rọrùn jù lọ. Ẹnu ọmọ ló ń lọ tààrà. Bí oníbàárà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí èso ọjà wa, kò sí iye owó tí a fi máa rà á padà.

Ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí yẹ̀wò ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí a sì dìbò sí i. Nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Ẹ fi búrẹ́dì àti píà sínú ike, ẹ dé e, ẹ sọ fún ọmọ pé, “Oúnjẹ rẹ rèé, má fọwọ́ kan gáàsì.” Ẹ̀yin náà á lè fi ọkàn balẹ̀ tajà.

 Ẹgbẹ́ wa kò ní túká, ọjà wa kò ní jóná, àwa àti àwọn ọmọ wa á jọ jèrè làálàá wa. Àṣẹ.