Ìlú Tí Ènìyàn Ń Gbé: Ẹ̀tọ́ àti Ojúṣe Rẹ̀



Ọ̀rọ̀ òní dá lórí bí ìjọba ṣe pín ilẹ̀ Nàìjíríà, àti ohun tí ìpín náà já mọ́ fún ẹni tí kò gbé ní ìlú baba rẹ̀.

Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè pàdé ní Lọ́kọ́ja, wọ́n sì jọ ṣàn lọ sí òkun ní gúúsù. Ó pẹ́ tí odò wọ̀nyí ti wà ní ipò wọn. Ṣùgbọ́n ààlà ìjọba, ọwọ́ ènìyàn ni ó fà á. Ní 1914 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Òfin 1946 fi ẹkùn mẹ́ta múlẹ̀: Àríwá, Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn. Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn di ìkẹrin ní 1963. Ní 1967, ìjọba Gowon fi ìpínlẹ̀ 12 rọ́pò ẹkùn. Wọ́n di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991, àti 36 ní 1996. Ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ 774, tí mẹ́fà ti Àbújá wà nínú rẹ̀. Ẹkùn ìṣèlú mẹ́fà tí àwọn ènìyàn ń dárúkọ lóde òní kò ní gómìnà, kò sì ní ilé aṣòfin. Ìwé òfin 1999 kò tilẹ̀ mẹ́nu kàn wọ́n.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n bí ní Kábà ní 1960. Ẹkùn Àríwá ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méje, ó bá ara rẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ tí wọ́n wá ń pè ní Kwárà. Ní ẹni ọdún 31, ó di ará Kogí. Kò di ẹrù, kò ṣí kúrò nínú ilé. Ààlà ni ó ń ṣí. Bákan náà ni Ìgbómìnà pín sí méjì: Òmù-Àrán wà ní Kwárà, Ìlá-Ọ̀ràngún wà ní Ọ̀ṣun. Ìpínlẹ̀ wà fún ètò ìṣàkóso. Kì í ṣe ògiri láàárín ọmọ ènìyàn.

Ìpele ìjọba mẹ́ta ni ó wà, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ mọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀ ọmọ ogun, ìwé ìrìnnà àti owó níná. Gómìnà ni òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni ọjà, gáréèjì ọkọ̀, gọ́tà, kíkó pàǹtí àti itẹ́ òkú. Ẹgbẹ́ tí gọ́tà àdúgbò rẹ̀ dí, tí ó sì kọ̀wé sí Àbújá, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni ó lọ kàn.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi Kánò àti Jọ́ọ̀sì ṣe ilé. Owó orí ẹni tí ó ń gbé Kánò, ìjọba Kánò ni ó ń gbà á, kì í ṣe ti Ọ̀yọ́. Abala 41 ìwé òfin fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibikíbi tí ó bá wù ú. Abala 42 kọ̀ kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà rẹ̀. Síbẹ̀, a máa ń rí ọmọ tí wọ́n bí tí wọ́n tọ́ ní ìlú kan, tí wọn kò fún ní ìwé ọmọ onílùú nígbà tí ó ń wá iṣẹ́, nítorí ibi tí baba rẹ̀ ti wá. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ohun tí ó yẹ kí ìwà ará ìlú bá mu nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń béèrè ẹ̀tọ́ ní Kánò kò gbọdọ̀ fi du ẹlòmíràn nílé. Láti 1916 ni àwọn Hausa ti tẹ Sábó dó ní Ìbàdàn. Ìwọ̀n kan náà ni ó yẹ kí wọ́n fi wọ̀n fún ọmọ tí wọ́n bí ní Sábó àti ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Kánò.

Nítorí náà, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbi tí ó ń gbé, kí ó san owó orí rẹ̀, kí ó sì mọ wọ́ọ̀dù àti káńsẹ́lọ̀ rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ máa lọ sí ìpàdé ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú àwọn onílé tí wọ́n jọ ń gbé. Ẹni tí ó ń bá wọn tún ìlú ṣe ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wọ etí onílùú.

Kí ìlú tí ẹ ń gbé ó tura fún yín o.