Oúnjẹ Àárọ̀ Aboyún: Ẹ̀kọ Mímu Nìkan Kò Tó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò le, kò sì gba owó púpọ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀ ni: ohun tí ẹ ń jẹ kí ẹ tó lọ sí ọjà, sí oko tàbí sí ibi iṣẹ́, àti ohun tí ọkọ àti àwọn ọmọ yín ń bá yín jẹ.

Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹ̀kọ mímu ni oúnjẹ àárọ̀. Ẹ̀kọ dára. Ó ń mú ara lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ó sì rọ aboyún tí èébì ń gbé lọ́rùn láti mu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń ṣe ògì tí a fi ń po ẹ̀kọ náà. A ó rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, a ó sì kó èérí rẹ̀ fún ẹran jẹ. Púpọ̀ nínú èròjà tí ń mú ara dàgbà àti èyí tí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀ ti bá èérí yẹn lọ. Ohun tí ó kù lè fún wa lágbára láti rìn àti láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tó láti fi mọ ara ọmọ inú. Bí a bá wá bu ṣúgà sí i, adùn ni a fi kún un. A kò fi ẹ̀jẹ̀ kún un.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀JẸ̀ FI ṢE PÀTÀKÌ

Bí oyún bá ti dúró, ara ìyá ní láti ṣe ẹ̀jẹ̀ fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó yóò máa rẹ̀, òòyì yóò máa kọ́ ọ, àyà rẹ̀ yóò sì máa lù kìkì bí ó bá gbé ẹrù díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ lè kéré ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí kí ó bí i kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni ewu náà pọ̀ jù. Kò sí obìnrin tí yóò bímọ tí ẹ̀jẹ̀ kò ní dà lára rẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó yóò fara dà á. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dín kù tẹ́lẹ̀, ìwọ̀nba tí ó bá dà lè gba ẹ̀mí rẹ̀.

A kì í wá ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ tí ìrọbí bá dé. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń kó o jọ, bí ẹni tí ń dá èsúsú. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá jẹun dáadáa, owó èsúsú ọjọ́ náà ni ẹ dá yẹn. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni ẹ ó kó o.

MỌ́ÍNMỌ́ÍN TI GBOGBO ILÉ

Ẹ̀wà ni ọ̀rẹ́ ẹ̀kọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ohun tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní in. Nítorí náà ni àwọn ìyá wa fi máa ń fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín mu ẹ̀kọ. Fún ilé ènìyàn mẹ́fà, ẹ wá nǹkan wọ̀nyí:

Ẹ̀wà, agolo mílíìkì mẹ́ta.
Tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo méjì, àlùbọ́sà ńlá kan.
Ẹyin mẹ́ta tí a sè.
Ẹja gbígbẹ kan tí a ti yọ egungun rẹ̀, tàbí ẹja inú agolo kan.
Edé lílọ̀, ṣíbí méjì.
Epo pupa tàbí òróró, ìdajì agolo mílíìkì.
Iyọ̀ díẹ̀, àti ewé eéran tí a ti fọ̀ mọ́.

Ẹ ṣa ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà kí ó kúnná. Ẹ da epo, edé, iyọ̀ àti omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ díẹ̀ sí i, kí ẹ rò ó pọ̀ dáadáa; bí a bá rò ó tó, kì í le koko. Ẹ bù ú sínú ewé, ẹ fi ẹja àti ègé ẹyin sí i, ẹ pọ́n ọn, kí ẹ tò ó sínú ìkòkò tí omi rẹ̀ ti ń hó. Ẹ dé ìkòkò náà, kí ẹ sì máa fi omi kún un bí ó bá ti ń gbẹ. Ní nǹkan bí wákàtí kan, yóò jinná dé inú.

Ẹni tí kò bá ráyè ní àárọ̀ lè bó ẹ̀wà ní ọjọ́ ìsinmi, kí ó sá a nínú oòrùn títí yóò fi gbẹ dáadáa, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú ike olómorí. Bí mọ́ínmọ́ín bá ṣẹ́kù, inú fìríìjì ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ sì tún un gbé kaná títí yóò fi gbóná dé inú kí ẹ tó jẹ ẹ́. Bí kò bá sí fìríìjì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì.

Ẹ po ẹ̀kọ bí ẹ ti ń po ó. Bí agbára bá wà, ẹ da mílíìkì sí i. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jẹ ọsàn kan tàbí ìbẹ́pẹ tó pọ́n, nítorí wọ́n ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ẹ̀wà. Irin yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n tíì kì í jẹ́ kí ara gba irin náà dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mu tíì, kí ó jẹ́ kí wákàtí kan tàbí méjì kọjá lẹ́yìn oúnjẹ.

BÍ KÒ BÁ SÍ ẸRAN TÀBÍ ẸJA

Ẹ lè fi ẹ̀wà sóyà kún ògì fúnra rẹ̀. Bí àgbàdo bá jẹ́ agolo méje, kí sóyà jẹ́ agolo mẹ́ta. Ẹ ṣa sóyà náà, ẹ bọ̀ ọ́ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 30, ẹ fi ọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ pẹ̀lú àgbàdo tí ẹ ti rẹ. Ẹ sẹ́ ẹ bí ògì. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí ní Oṣòdì, ní Èkó, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí irú ògì oní-sóyà yìí. Ẹ má ṣe lo sóyà tútù tí a kò bọ̀, nítorí ó ń da inú rú.

Àwọn mìíràn ń béèrè bóyá ọ́ọ̀tì inú agolo ni ó yẹ aboyún. Ọkà ilẹ̀ olótùútù ni ọ́ọ̀tì. Ó dára, nítorí a kì í sẹ́ èérí rẹ̀ dànù. Àwọn ará òkè òkun tilẹ̀ máa ń yan án fún oúnjẹ àárọ̀ gbogbo ilé. Ẹni tí ó bá ní ààrò oníná tàbí ti gáàsì lè ṣe é: ọ́ọ̀tì ife méjì, mílíìkì ife méjì, ẹyin méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó pọ́n tí a gún, àti ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà yíyan. Ẹ pò ó pọ̀, ẹ dà á sínú páànù tí ẹ ti fi òróró pa, kí ẹ yan án fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 títí àárín rẹ̀ yóò fi dì. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹyin, mílíìkì àti ẹ̀pà ni wọ́n fi kún ọkà náà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń fi ẹ̀wà kún àgbàdo. Nítorí náà, ẹni tí kò bá lówó ọ́ọ̀tì, kí ó má ṣe banú jẹ́. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tó fún un.

TA NI Ó Ń JẸUN KẸ́YÌN?

Ìyàwó lè se oúnjẹ tó dára, kí ó má sì jẹ nínú rẹ̀. Baálé yóò gba èyí tí ó ní ẹyin, àwọn ọmọ yóò pín ẹja, ìyàwó yóò sì fi ẹ̀kọ àti ìsàlẹ̀ ewé panu. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ gbọ́ èyí: ìyàwó yín ló ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo jù nínú ilé ní àsìkò yìí, bí ó tilẹ̀ jókòó. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé jókòó jẹun pọ̀ ní àárọ̀, kí a sì kọ́kọ́ bu ti aboyún, pẹ̀lú ẹja àti ẹyin tirẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, a mọ̀ pé ìfẹ́ ni ẹ fi ń sọ fún ìyàwó pé kí ó má jẹ ìgbín kí ọmọ má baà máa datọ́, tàbí pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Itọ́ kì í ti ara ìgbín wá, olè kì í sì í ti inú ẹyin wá. Oúnjẹ amáradàgbà ni wọ́n, bí a bá ti sè wọ́n jinná. Ohun tí ẹ lè bá a sọ pé kí ó fi sílẹ̀ ni amọ̀ jíjẹ, nítorí amọ̀ kì í jẹ́ kí ara gba irin inú oúnjẹ.

Ẹ̀yin tí èébì ń gbé ní òwúrọ̀, ẹ má ṣe fi ebi pa ara yín. Ẹ kọ́kọ́ jẹ nǹkan gbígbẹ díẹ̀ kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Bí omi pàápàá kò bá dúró nínú yín, ẹ tètè lọ sí ọsibítù.

Ọ̀RỌ̀ FÚN Ẹ̀YIN AGBẸ̀BÍ

Nígbà tí aboyún bá wá sí ilé ìtọ́jú, ẹ má ṣe bi í pé, “Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa?” Gbogbo wọn ni yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í pé, “Kí ni ẹ jẹ ní àárọ̀ yìí? Kí ni ẹ fi jẹ ẹ́?” Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi ibi tí ìmọ̀ràn yẹ hàn yín. Ẹ wo abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bóyá ó funfun, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ojú nìkan díwọ̀n. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí hẹmoglóbíìnì rẹ̀ kò bá tó 11, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Bí kò bá tó 7, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá láìjáfara.

Ẹ sọ fún wọn pé oúnjẹ kò gba ipò oògùn. Ibà àti aràn inú pẹ̀lú ń jẹ ẹ̀jẹ̀ run, ìdí nìyí tí ẹ fi ń fún wọn ní oògùn ibà, tí ẹ sì ń sọ pé kí wọ́n máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí aboyún máa gba milígíráàmù 30 sí 60 èròjà irin lójoojúmọ́, pẹ̀lú folic acid milígíráàmù 0.4, kí ó sì rí olùtọ́jú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ ó kéré tán kí ó tó bímọ. Ọ̀pọ̀ ń sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ nù nítorí pé ìgbẹ́ wọn dúdú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oògùn náà ló fà á, kì í ṣe àìsàn. Bí ó bá ń rìn wọ́n lọ́kàn, kí wọ́n máa lò ó ní alẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ.

Ẹ̀yin ìyá ọ̀la, ní àárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó gbé ife ẹ̀kọ sẹ́nu, ẹ bi ara yín léèrè pé: kí ni mo fi mu ún? Bí ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja bá wà níbẹ̀, ẹ ti dá èsúsú ti ọjọ́ náà. Ẹ ó kó o láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.