Páànù Oníná: Bí A Ti í Rà Á àti Bí A Ti í Lò Ó

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ọkùnrin má ṣe dìde o. Ẹni tí yóò jẹun àti ẹni tí yóò sanwó iná, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Páànù oníná ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Páànù pẹlẹbẹ ni. Ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan ní gígùn, ó ní ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́rin, ó sì ní wáyà tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lára ògiri. Kò lo igi, kò lo èédú, kò lo kẹrosíìnì. Iná mànàmáná ni ó ń mú un gbóná. Orí tábìlì ni a ń gbé e kà. A lè fi dín ẹyin, a lè fi yan ẹja, a lè fi sun ọ̀gẹ̀dẹ̀, nínú ilé, láìfi ojú gba èéfín igi.

Ẹ ó bi wá pé, kí ni páànù ń wá ní kíláàsì ìmọ̀wé? Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé tiwa ná.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa ń ta bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan ní ojúde ilé. Èéfín èédú ń yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀, ojú rẹ̀ a máa pọ́n lálaalẹ́. Nígbà tí ó kó àjọ, ó ní òun yóò ra páànù oníná. Ó lọ bá ẹni tí ń ta ọjà tòkunbọ̀. Ó rí ọ̀kan tí ó dúdú, tí ó ń dán. Ó bèèrè pé, “Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?” Ọlọ́jà ní, “Ìyá, Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ọjà Amẹ́ríkà kì í bàjẹ́.” Ó sanwó, ó gbé e délé.

Gbogbo wa pé lé e lórí. Ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu, ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ méjì ni. A wá nǹkan kékeré kan fi sáàárín, a sì tan iná. Kò pẹ́ rárá tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Òórùn rọ́bà jíjó gba gbogbo ilé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ta pàà! Ilé ṣókùnkùn. Ọpẹ́ ni pé iná kò ran aṣọ fèrèsé, kò sì sí ẹni tí ó fara pa. Ṣùgbọ́n páànù kú, owó àjọ sì lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ ilé-ìwé kan nínú ilé yí páànù náà dojúdé. Ó kà á sókè: “120 V.” Bẹ́ẹ̀ sì ni, iná tí ń wọ ilé wa jẹ́ 230. Ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ìdí páànù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa kò lè kà á nígbà náà. Àwa tí a lè kà á kò yí i wò. Nítorí náà ẹ̀bi tiwa ju tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó

Ní ìdí páànù oníná kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ìwé kékeré kan tí a lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí irin tí a kọ nǹkan sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí lẹ́tà wínníwínní rẹ̀ dẹ́rù bà yín. Lẹ́tà méjì péré ni kí ẹ wá níbẹ̀.

Èkíní ni lẹ́tà V. Nọ́mbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ bí iná tí páànù náà fẹ́ ti lágbára tó. Ẹ fi wé omi inú táǹkì. Bí táǹkì bá ti ga tó, bẹ́ẹ̀ ni omi yóò ṣe tú jáde pẹ̀lú agbára tó. Iná Nàìjíríà jẹ́ 230 V. Nítorí náà, bí ẹ bá rí 220, tàbí 230, tàbí 240, tàbí “220–240”, ó dára. Páànù tí ó bá ti Ìlú Ọba wá yóò bá iná wa mu, nítorí pé iná wọn àti tiwa dọ́gba, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn sì bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu. Ṣùgbọ́n iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 V. Bí ẹ bá ki páànù 120 bọ iná wa, ooru rẹ̀ kò ní jẹ́ ìlọ́po méjì lásán, yóò súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Èyí ni ó pa tiwa. Bí ọlọ́jà bá ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tí ń dín agbára iná kù sí i, ẹ rántí pé èyí tí ó lè gbé páànù tóbi, ó sì wọ́n. Ẹ kúkú ra páànù tí ó bá ilé yín mu.

Èkejì ni lẹ́tà W, èyíinì ni wáàtì. Òun ni ó ń sọ bí páànù náà yóò ti jẹ iná tó. Púpọ̀ nínú wọn wà láàárín 1000 sí 2000. Ẹ jẹ́ kí a mú 1500. Gílóòbù iná tí ó jẹ́ wáàtì 10, àádọ́jọ irú rẹ̀ ni páànù yìí kan ṣoṣo. Ẹ̀yin náà rí i pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó wáàtì 1000 kò lè gbé e. Bí ẹ bá fi dandan gbé e lé e, jẹnẹrétọ̀ ni yóò bàjẹ́.

Nípa ti owó, ìṣirò rẹ̀ kò le. Wáàtì 1000 fún wákàtí kan ni yúnìtì kan lórí mítà. Páànù 1500 tí a tàn fún ogún ìṣẹ́jú kò lè jẹ ju ìdajì yúnìtì lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n sọ yúnìtì kan di náírà 225 fún àwọn tí wọ́n wà ní Band A. Ní iye tí ó jẹ́ nígbà náà, ogún ìṣẹ́jú yóò ná wọn ní nǹkan bí náírà 112. Kí ẹ wo iye tí ẹ̀yin ń ra yúnìtì, kí ẹ ṣe ìṣirò tiyín, kí ẹ sì fi wé owó èédú tàbí owó gáàsì.

Ẹ tún wo bọ́tìnnì tí a ń yí. Àwọn kan kọ nọ́mbà ooru sí i. Bí lẹ́tà C bá wà níbẹ̀, nọ́mbà 180 ti gbóná dáadáa. Bí ó bá jẹ́ F, bí ti àwọn ará Amẹ́ríkà, 350 ni yóò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ka lẹ́tà náà yóò jó oúnjẹ rẹ̀, tàbí kí ó jẹ ẹ́ ní tútù.

Ohun tí a ń fi ọwọ́ àti ojú wò

Lẹ́yìn kíkà, ẹ gbé e wò. Èyí tí irin rẹ̀ nípọn díẹ̀ dára ju èyí tí ó fúyẹ́ bí ìwé lọ, nítorí pé kì í yára tutù nígbà tí a bá kó ẹja lé e. Àwọn kan tẹ́jú pẹrẹsẹ. Wọ́n dára fún ẹyin àti dòdò. Àwọn mìíràn ní ilà bí ebè. Wọ́n dára fún ẹran àti ẹja, nítorí pé ọ̀rá a máa ṣàn sáàárín ilà. Ẹ wò ó bóyá ó ní àwo kékeré tí ọ̀rá ń kán sí, tí ó ṣe é fà yọ. Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ tí a fi ń gbé e kì í ṣe irin. Ẹ wo wáyà rẹ̀ láti orí dé ìdí, kí ó má ṣe ní ibi tí ó bó.

Ohun dúdú tí ó ń dán lójú púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀dà lásán. Òun ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ lẹ̀. Roy Plunkett ni ó ṣèèṣì rí i ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938. Ní ọdún 1954, ará Faransé kan, Marc Grégoire, fi í sí ojú páànù. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ni ó dá a lábàá, nítorí pé oúnjẹ ń lẹ̀ mọ́ páànù rẹ̀. Bí ohun dúdú yìí bá ti ń ṣí ní ara páànù tòkunbọ̀, ẹ má rà á.

Bí a ti í fi se oúnjẹ

Ẹ gbé páànù sórí tábìlì tí ó dúró dáadáa, tí kò tutù, tí ó jìnnà sí aṣọ fèrèsé àti sí ọwọ́ ọmọdé. Ẹ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri gan-an. Ẹ má ṣe lo wáyà tín-ínrín gígùn tí gbogbo ilé ń fi gba iná, nítorí pé yóò gbóná, ó sì lè gbiná.

Ẹ jẹ́ kí ó gbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí ẹ tó kó oúnjẹ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lófìfo lórí ooru tí ó ga jù. Bí ohun dúdú náà bá gbóná kọjá 260 ní ti C, èéfín rẹ̀ kò dára fún ènìyàn, a sì máa pa ẹyẹ tí a ń sìn nínú ilé.

Ẹja: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ. Omi ara rẹ̀ ni ó ń mú kí òróró ta sí ni lára. Ẹ fi iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà pa á lára. Ẹ fi òróró díẹ̀ ra ojú páànù, ṣíbí kan tó. Ẹ tẹ́ ẹja lé e, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Ẹ má máa tú u yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá jinná, òun fúnra rẹ̀ yóò jọ̀wọ́ páànù. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má sì kó o jọ jù. Bí ẹja bá há mọ́ra, omi ara wọn ni yóò bọ̀ wọ́n, wọn kò ní yan.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀: ẹ là á sí méjì lóròó, kí àárín lè jinná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n kò fẹ́ ooru púpọ̀, nítorí pé adùn inú rẹ̀ a máa yára jó.

Ẹyin kò fẹ́ ju ooru díẹ̀ lọ. Iṣu tí a ti sè lánàá, ẹ gé e, ẹ ra á ní òróró, yóò pọ́n lójú yóò sì dùn. Adìẹ ní tirẹ̀, ẹ là á kí ó fẹ́lẹ́, ẹ má sì gbé e kúrò títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ẹ̀jẹ̀ mọ́. Àkàrà nìkan ni kí ẹ má tan ara yín sí. Inú òróró ni àkàrà ti ń wú, páànù pẹlẹbẹ kò lè ṣe iṣẹ́ agbada.

Ṣíbí igi ni kí ẹ fi yí oúnjẹ, má ṣe lo ọ̀bẹ. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ yọ wáyà, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ fi kànìnkànìn rírọ̀ àti ọṣẹ nù ún. Ẹ má fi iyanrìn ha á. Ẹ má rì í sínú omi.

Ohun méjì tí ó lè pa ènìyàn

Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ẹ ń dín nǹkan, ẹ yọ wáyà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe wí pé, “Ó ti kú náà.” Wọ́n lè mú iná dé ní òru nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Páànù yóò tún gbóná, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí ilé yóò fi gbiná.

Èkejì, ẹ má tìtorí pé kò síná kí ẹ gbé ìkòkò èédú wọ yàrá. Ẹ má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí inú ilé tàbí sí ẹ̀bá fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró ń jáde lára méjèèjì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ènìyàn kò sì ní mọ̀ títí orun yóò fi gbé e lọ. Páànù oníná kì í mú irú afẹ́fẹ́ yìí wá. Èyí ni oore rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí ń fún un níná gba oore náà lọ́wọ́ yín.

Kí a tó túká

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa wọ kíláàsì bí ẹ̀yin náà ti wọ̀ ọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó padà lọ sí ọjà. Ọlọ́jà mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọjà rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n kà á ná.” Ó yí àkọ́kọ́ dojúdé, ó kà á, ó gbé e sílẹ̀. Ó yí ìkejì, ó kà á, ó gbé e sílẹ̀. Ìkẹta ni ó kọ 220–240. Èyíinì ni ó rà. Ó ṣì ń fi èédú sun bọ̀ọ̀lì títà ní ìta, nítorí pé àwọn oníbàárà fẹ́ òórùn èédú. Ṣùgbọ́n ẹja tí a ń jẹ nínú ilé, orí páànù oníná ni ó ti ń yan án.

Iṣẹ́ kan ni a fẹ́ fún yín lọ sílé. Ní alẹ́ òní, ẹ mú áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ, nígbà tí ó bá tutù tí a sì ti yọ wáyà rẹ̀. Ẹ wá lẹ́tà V lára rẹ̀. Ẹ wá lẹ́tà W. Ẹ kọ nọ́mbà méjèèjì sínú ìwé yín, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì. A ó kà á pọ̀.