Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ tó ń Gun Alùpùpù



Ọ̀rọ̀ sípíríǹgì ẹ̀yìn alùpùpù ni a mú wá síwájú yín, nítorí pé ìkérora ẹ̀yìn àti ìbàdí ti pọ̀ jù láàrin wa, láti Ọ̀yọ́ àti Awẹ́ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọ̀nà oko Ìkòyí-Ilé. Níbi iṣẹ́, oríṣi sípíríǹgì kan náà ni wọ́n ń rà fún gbogbo wa. Ẹni tó ń pín ìwé nínú ìgboro Ọ̀yọ́ àti ẹni tó ń gbé àpò ajílẹ̀ kílò 50 lọ sóko, ọ̀kan náà ni wọ́n ń fún. Bí ó bá sì bàjẹ́, wọ́n á ní kí a wá èyí tó le jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a yé ara wa. Iṣẹ́ sípíríǹgì ni láti gbé ẹrù. Ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì ló ń dá a dúró kí ó má ta wá sókè lójijì. Bí sípíríǹgì bá rọ̀ jù, irin á máa kan irin nínú kòtò. Bí ó bá le jù, táyà kò ní lè tẹ̀lé ilẹ̀, bíréèkì kò ní mú dáadáa, ẹ̀yìn wa ni yóò sì gba gbogbo rẹ̀.

Ẹ fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ẹ gbé máṣíìnì dúró kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín táyà dé ibi tí ẹ sàmì sí lábẹ́ ìjókòó. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lófìfo, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ń gùn ún jókòó pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyàtọ̀ ti àkọ́kọ́ sí ti ẹ̀kẹta yẹ kó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè rìn dé. Àwọn tó ń fi alùpùpù sáré nínú igbó, irú eré ọlọ́jọ́ mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní Carlisle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1913, ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ń tọ̀ lónìí: nínú nǹkan bíi mílímítà 300, bíi 100 ni wọ́n ń fẹ́.

Bí ó bá rọlẹ̀ jù, ẹ kọ́kọ́ yí òrùka ìdí sípíríǹgì, ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Òrùka yìí ń gbé máṣíìnì sókè ni, kì í sọ sípíríǹgì tó rọ̀ di líle. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá wá pé, ṣùgbọ́n tí máṣíìnì kò rọlẹ̀ rárá lófìfo, sípíríǹgì náà rọ̀ jù fún ẹrù yín. Bí ó bá pé, tí ó sì ń rọlẹ̀ púpọ̀ lófìfo, ó le jù. Méjèèjì ni kí a pààrọ̀ pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ohun tí a ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá kò pọ̀: kí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹni tó ń gùn ún àti ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó rà á. Kí olúkúlùkù wọn tirẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé, kí ó fún aṣojú rẹ̀. Ìkérora lásán kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró níwájú ọ̀gá, nọ́ńbà ní.

A ó máa lọ, a ó máa bọ̀ láìfarapa o.