Ọrẹ Kan, Ìwé Méjì: Èdè Ìtọrẹ Àánú Nínú Òfin Owó Orí



Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó orí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni a fi ń ṣe òfin, ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ tiwa. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: bí ènìyàn bá fi owó ta ìlú lọ́rẹ, inú ìwé ta ni ọrẹ náà yóò wọ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni tàbí ti ìjọba ìpínlẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, ṣe àpẹẹrẹ. Bitúmẹ́ẹ̀nì ni ayé fi mọ Agbabu, ọ̀dà dúdú tí ń sun jáde láti inú ilẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1910 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti gbẹ́ kànga síbẹ̀. Ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí, ti ìjọba àpapọ̀ ni; owó orí ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń wa á, ìjọba àpapọ̀ náà ni ó ń gbà á. Ṣùgbọ́n tíṣà tí ń rìn lórí ilẹ̀ kan náà, Àkúrẹ́ ni owó orí tirẹ̀ ń lọ. Láti ọdún 1961, nígbà tí a ṣe òfin kan fún owó orí ilé-iṣẹ́, tí a sì ṣe òmíràn tí ó fi ìlànà kan náà lélẹ̀ fún owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ẹkùn, ni ìpín yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Òfin owó orí ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1979 gbà kí ilé-iṣẹ́ yọ ọrẹ àánú kúrò nínú èrè rẹ̀ kí a tó bu owó orí lé e, bí ẹni tí ó gba ọrẹ bá wà lára àwọn tí òfin kà sílẹ̀, bí ohun tí ó yọ kò bá sì ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún èrè náà lọ. Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa wà nínú àkójọ náà. Boy Scouts náà wà níbẹ̀. (Ẹ kò ní ṣàì ṣàkíyèsí ìdámẹ́wàá yìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kò gbọdọ̀ dín in. Lọ́dọ̀ ìjọba, a kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀.) Lábẹ́ òfin yẹn, nígbà tí owó orí ilé-iṣẹ́ ńlá jẹ́ ₦30 lórí ₦100, ilé-iṣẹ́ tí ó jèrè ₦10,000,000, tí ó sì fi ₦1,000,000 tọrẹ, orí ₦9,000,000 ni yóò ti san owó orí. ₦300,000 tí ì bá san fún ìjọba kù sí i lọ́wọ́.

Tíṣà wa ńkọ́? Ká ní ó fi ₦60,000 nínú owó oṣù rẹ̀ ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Òfin owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ọdún 1993 kò ní ìlà tí yóò kọ ọ́ sí. Ìlà wà fún ọmọ nígbà náà, kò ju mẹ́rin lọ. Ìlà wà fún ìbátan tí ènìyàn ń bọ́, kò ju ẹni méjì lọ. Kí àtúnṣe ọdún 2011 tó dé, ₦2,500 ni a ń yọ lórí ọmọ kan, ₦2,000 lórí ìbátan kan. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n ìlà náà dùn mọ́ mi, nítorí ó gbà pé ènìyàn ní ìyá. Àtúnṣe náà da gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìdẹ̀ra kan ṣoṣo, tí kì í béèrè ẹni tí o ń bọ́. Òfin ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ka owó ìfẹ̀yìntì, owó ìlera, owó ìbánigbófò ẹ̀mí, èlé orí owó tí a yá kọ́lé ara ẹni, àti ìdá kan nínú owó ilé tí a háyà mọ́ ohun tí a lè yọ. Ọrẹ àánú kò sí níbẹ̀.

Ibi ìkówójọ ìlú gan-an ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Alága yóò gbé ohùn sókè: “Olóyè Lágbájá àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fún wa ní mílíọ̀nù kan náírà!” Onílù kò ní oríkì tí yóò lù fún ilé-iṣẹ́, ti olóyè ni yóò lù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò wá kọ rìsíìtì sí orúkọ tí ìlù ń pè. “Àti” tí alága lò yẹn, ọ̀rọ̀ asopọ̀ tí gírámà kà sí kékeré, ni ó dá gbogbo rẹ̀ rú. Lójú òfin, ẹni méjì ni olóyè àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ìwé méjì ni wọ́n sì ń kọ. Bí rìsíìtì bá jẹ́ ti olóyè, ilé-iṣẹ́ kò lè yọ ọ́. Olóyè fúnra rẹ̀ kò sì ní ìlà. Bí ó bá jẹ́ pé àpò ilé-iṣẹ́ ni owó ti jáde, orúkọ ilé-iṣẹ́ ni kí a kọ, kí onílù máa bá tirẹ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ìwé méjèèjì máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan náà, síbẹ̀ wọn kì í sábà fohùn ṣọ̀kan. Ọmọ Agbabu tí ó ń gbé ní New York lè ka ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ náà, àní bí kò bá kà á fún ìjọba àpapọ̀, láti ọdún 2018. Bí ó bá kó lọ sí New Jersey, ìpínlẹ̀ yẹn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ ní gbogbogbòò. Bí ó bá sì fi owó náà ránṣẹ́ sílé tààrà, láìgba ọwọ́ ẹgbẹ́ aláàánú tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ kò ní kà á sí.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí ó ṣàánú kò yẹ kó máa retí ohun kan padà. N kò gbà. Ilé-iṣẹ́ ń gba tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní ọ̀kánjúwà. Kí ni tíṣà ṣe?

Ẹ má sì rò pé Àkúrẹ́ ni ó di ilẹ̀kùn. Ìpínlẹ̀ ń gba owó náà, ṣùgbọ́n Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Abuja ni ó ń kọ òfin rẹ̀. Bí a óò bá fi ìlà kan kún un fún ọrẹ tíṣà, Abuja ni a óò ti kọ ọ́. Àpò Àkúrẹ́ ni owó yóò ti dín. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé Joint Revenue Board, níbi tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba àpapọ̀ ti ń jókòó pọ̀, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ náà lọ, kí wọ́n jíròrò iye tí ìpínlẹ̀ lè fi sílẹ̀ àti irú rìsíìtì tí wọn yóò gbà.