Òfin Mú Alágbára



A máa ń sọ pé tálákà nìkan ni òfin ń mú. Ẹ gbọ́ ti ilẹ̀ Ṣáàdì.

Hissène Habré ṣe olórí níbẹ̀ láti 1982 títí di 1990, kí ó tó sá lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà. Souleymane Guengueng wà lára àwọn tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tó jáde, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ẹ̀rí ènìyàn 792 sílẹ̀, ó sì fi ìwé náà pamọ́. Ní 2000, wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sí Dakar. Ní 2016, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Habré.

Ó pẹ́, ṣùgbọ́n òfin mú un. Ẹnu lè gbàgbé. Ìwé kì í gbàgbé. Bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.